OMI ÒJÒ ÀTI OMI KÀNGÁ: ÌGBÀ WO NI KÍ A DÍN OMI ỌGBÀ KÙ?

Ní ìpàdé wa tó kọjá, ọ̀rọ̀ kan jẹ yọ tí àkókò kò jẹ́ kí a sọ ọ́ débi tó yẹ. Ìyá kan nínú wa tó ń gbin ẹ̀fọ́ fún títà dìde, ó ní, "Akọ̀wé wa, òjò ti bẹ̀rẹ̀ o. Ṣé kí n ṣì máa bomi rin tẹ̀tẹ̀ mi ni, àbí kí n jáwọ́?" Àwọn kan ní kó jáwọ́, àwọn kan ní kó má ì tíì jáwọ́, ni ariwo bá sọ.

Nígbà tí a délé, a rò ó, a sì rí i pé ìbéèrè yìí ju ti ìyá náà nìkan lọ. Ó kan ẹni tó ní ọgbà ẹ̀fọ́ ní àkùrọ̀. Ó kan ẹni tó ń tọ́jú ọmọ kòkó fún títà. Ó kan ẹni tó gbin koríko àti òdòdó síwájú ilé rẹ̀ ní Alágbàká tàbí ní Ìjàpọ̀. Ó sì kan àpò ẹgbẹ́, nítorí pé ẹ̀yáwó ẹgbẹ́ ni ọ̀pọ̀ nínú wa fi ra ẹ̀rọ ìfami àti rọ́bà omi. Bí ohun ọ̀gbìn bá kú, ẹ̀yáwó kì í bá a kú. Ìdí nìyí tí a fi ní kí a ṣàlàyé ọ̀rọ̀ náà nínú ìwé wa ti oṣù yìí.

ÀṢÌṢE TIWA

Kí a tó kọ́ ẹlòmíràn, ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ jẹ́wọ́ tiwa. Ní ọdún mélòó kan sẹ́yìn, ẹgbẹ́ wa gbin ọmọ kòkó 600 sínú ọ̀rá dúdú lẹ́yìn ilé ìpàdé. Àwọn ọmọ ẹgbẹ́ ti san owó ìṣáájú lórí wọn. A gba ọmọkùnrin kan pé kó máa bomi rin wọ́n láàárọ̀ àti ní ìrọ̀lẹ́. Ọmọ náà kò ya ọ̀lẹ rárá. Ọyẹ́ mú, ó bomi rin wọ́n. Oòrùn ràn, ó bomi rin wọ́n. Nígbà tó di ìparí oṣù kẹta, òjò bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀ lóru. Kò sẹ́ni tó sọ fún ọmọ náà pé kó dín omi kù. Òjò á rọ̀ mọ́jú, ilẹ̀ á mọ́, ọmọ náà á gbé agolo rẹ̀, á sì tún da omi lé omi.

Kí oṣù kẹrin tó parí, ewé àwọn ọmọ kòkó náà ń pọ́n, ọrùn wọn ń rà, wọ́n ń ṣubú lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹnì kan ní kòkòrò ni. Ẹnì kan ní irúgbìn ni kò dára. Ẹnì kan tilẹ̀ ní iṣẹ́ ayé ni. Àwa tí a rí ewé tó pọ́n tó sì rọ̀ wọ̀ọ̀, a ṣe bí òùngbẹ ló ń gbẹ wọ́n, a ní kí ọmọ náà fi kún omi! Ìgbà tí òṣìṣẹ́ àgbẹ̀ kan tó yà kí wa fa ọ̀kan tu, tó fún erùpẹ̀ ìdí rẹ̀ mọ́ ọwọ́, omi jáde láàárín ìka rẹ̀ bí ìgbà tí a bá fún aṣọ tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ̀. Ó ní, "Òùngbẹ kọ́ ló pa ìwọ̀nyí o. Ẹ rì wọ́n sómi ni."

Ó ju ìdajì lọ tó kú. A dá owó padà fún àwọn tí kò rí ọmọ kòkó gbà, ṣùgbọ́n ọdún gbíngbìn kan ti bọ́ mọ́ wọn lọ́wọ́, èyí kò sì ṣeé dá padà. Ẹ̀bi ọmọ náà kọ́. Iṣẹ́ tí a rán an ló jẹ́. Ẹ̀bi àwa tí a rán an níṣẹ́ tí a kò wo ojú ọ̀run ni.

BÍ OMI ṢE Ń PA OHUN Ọ̀GBÌN

Ṣé ẹ rí i, gbòǹgbò ń mí bí èèyàn ṣe ń mí. Inú erùpẹ̀ kún fún ihò wẹ́wẹ́. Nígbà tí nǹkan bá dára, omi wà nínú àwọn kan, afẹ́fẹ́ wà nínú àwọn yòókù. Bí omi bá wá gba gbogbo ihò náà, tí kò sì ráyè sá lọ, gbòǹgbò kò rí afẹ́fẹ́ mọ́. Yóò bẹ̀rẹ̀ sí í rà. Gbòǹgbò tó bá ti rà kò lè fa omi, bó tilẹ̀ jókòó sínú omi. Ìdí nìyẹn tí ewé rẹ̀ fi ń pọ́n tó sì ń rọ̀ bíi ti èyí tí òùngbẹ ń gbẹ. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣìnà.

Èkejì ni àrùn. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní oko kòkó mọ àrùn tó ń sọ èso kòkó di dúdú nígbà tí òjò bá pọ̀. Àrùn yìí kan náà lè mú ọmọ kòkó nínú ọ̀rá, kó pa ewé àti igi rẹ̀. Omi ló ń gbé e rìn, ọ̀rinrin ló sì ń bọ́ ọ. Bí a bá ń bomi rin ní ìrọ̀lẹ́, tí ewé sùn mọ́jú pẹ̀lú omi lára, ilẹ̀kùn la ṣí fún un.

Ẹ̀kẹta ni oúnjẹ ilẹ̀. Omi àpọ̀jù ń fọ ajílẹ̀ lọ sísàlẹ̀ níbi tí gbòǹgbò ẹ̀fọ́ kò lè dé. Owó ajílẹ̀ di owó ìsọnù nìyẹn.

Koríko iwájú ilé náà ní tirẹ̀. Èyí tí a bá ń fi omi díẹ̀ wọ́n lójoojúmọ́, òkè ilẹ̀ ni gbòǹgbò rẹ̀ máa ń jókòó sí, nítorí pé òkè ló ti ń rí omi. Bí òjò bá dáwọ́ dúró fún ọ̀sẹ̀ kan péré, òun ni yóò kọ́kọ́ gbẹ. Ẹ̀ẹ̀kan tàbí ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀, kí omi náà sì wọlẹ̀ dáadáa, sàn ju wíwọ́n ojoojúmọ́ lọ. Àṣejù, baba àṣetẹ́.

Ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má torí èyí jáwọ́ lójijì. Ọmọ ẹgbẹ́ wa kan ní Oǹdó rí òjò àkọ́rọ̀ kan ṣoṣo, ó kó agolo rẹ̀ sínú yàrá, ó ní iṣẹ́ omi ti parí fún ọdún náà. Oòrùn ọ̀sẹ̀ méjì tó tẹ̀ lé e kò dá ata rẹ̀ sí. Tiwa kú sínú omi, tirẹ̀ kú sínú ọ̀dá; àṣìṣe kan náà ni: kò sí nínú àwa méjèèjì tó wo ilẹ̀ wò kó tó ṣe ohun tó ṣe. Àwọn àgbà ló ní bí òní ti rí, ọ̀la kì í rí bẹ́ẹ̀, ló mú kí babaláwo máa dífá lọ́rọọrún. Bí ọ̀rọ̀ omi ọgbà ṣe rí gan-an nìyẹn.

ÌWÉ OWÓ ÒJÒ

Gbogbo wa la mọ ìwé ìfowópamọ́. A mọ owó tó wọlé, a mọ owó tó jáde, a sì mọ èyí tó kù. Ẹ jẹ́ kí a máa ṣe ilẹ̀ ọgbà wa bẹ́ẹ̀. Òjò ń sanwó wọlé. Oòrùn àti ohun ọ̀gbìn ń gba owó jáde. Omi kàngá jẹ́ owó tí à ń fi dí àlàfo nìkan. Ẹni tó bá ń fi omi kàngá kún àpò tó ti kún, ó ń da owó sílẹ̀ ni.

Báwo la ṣe máa mọ iye tí òjò san? Ẹ wá agolo òfìfo kan tí ẹnu rẹ̀ àti ìdí rẹ̀ fẹ̀ bákan náà. Ẹ gbé e síta gbangba níbi tí igi tàbí òrùlé kò ti bò ó, kí ẹ fi òkúta tì í kó má bàa ṣubú. Láràárọ̀, ẹ ki rúlà àwọn ọmọ iléèwé bọ inú rẹ̀, ẹ wo iye mílímítà tí omi náà ga, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, kí ẹ sì da omi náà nù.

Ìṣirò rẹ̀ kò le. Bí òjò bá rọ̀ tó mílímítà 1, lítà omi 1 ló bọ́ sórí ilẹ̀ tó jẹ́ mítà 1 ní ìbú àti mítà 1 ní òòró. Bó bá rọ̀ tó mílímítà 25, lítà 25 nìyẹn, èyí tí í ṣe kẹ́ẹ̀gì kan tí gbogbo wa mọ̀. Ẹ̀fọ́ àti koríko sábà máa ń fẹ́ nǹkan bíi mílímítà 25 lọ́sẹ̀ kan. Wọ́n ń fẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ díẹ̀ nígbà ọyẹ́ àti oòrùn gbígbóná, wọn kì í sì í fẹ́ tó bẹ́ẹ̀ nígbà tí òfuurufú bá ṣú tí ara ilẹ̀ sì tutù. Ẹ rántí rẹ̀ báyìí: kẹ́ẹ̀gì kan, mítà kan níbùú lóòró, ọ̀sẹ̀ kan.

Ẹ jẹ́ kí a fi bẹ́ẹ̀dì ẹ̀fọ́ ìyá wa ṣe àpẹẹrẹ. Ká ní ó jẹ́ mítà 1 ní ìbú, mítà 10 ní òòró. Kẹ́ẹ̀gì 10 ló ń fẹ́ lọ́sẹ̀. Bí agolo bá fi hàn pé òjò ọ̀sẹ̀ náà jẹ́ mílímítà 15, òjò ti san kẹ́ẹ̀gì 6. Kẹ́ẹ̀gì 4 ló kù kí ìyá san. Bí òjò bá tó mílímítà 25, ìyá kò jẹ gbèsè kankan, kó lọ jókòó. Bí òjò ọjọ́ kan bá sì jẹ́ mílímítà 60 ńkọ́? Kó má ṣe sọ pé òun ti ní ti ọ̀sẹ̀ méjì àbọ̀ nípamọ́. Òjò tó bá rọ̀ pẹ̀lú agbára, gọ́tà ló ń gba púpọ̀ nínú rẹ̀. Ilẹ̀ oníyanrìn kì í sì í pa omi mọ́ pẹ́ bí ilẹ̀ amọ̀. Ọ̀sẹ̀ tuntun, ìwé tuntun.

Kí a sì má fi agolo nìkan ṣẹ̀rí. Kí ẹ tó bomi rin, ẹ ki ìka bọ ilẹ̀ títí dé oríkèé kejì. Bí ibẹ̀ bá tutù tí erùpẹ̀ sì lẹ̀ mọ́ ìka, ẹ fi í sílẹ̀ di ọ̀la. Bó bá gbẹ, ẹ bomi rin. Ní ti ọmọ kòkó inú ọ̀rá, ẹ gbé bíi mẹ́ta sókè ní igun ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀: ọ̀rá tó wúwo kò fẹ́ omi, èyí tó fúyẹ́ ń fẹ́. Níwọ̀n ìgbà tó sì jẹ́ pé abẹ́ ìbòji imọ̀ ọ̀pẹ ni wọ́n wà, òjò tó dé ìta gbangba kọ́ ló ń dé ọ̀dọ̀ wọn. Ẹ gbé agolo kejì sábẹ́ ìbòji náà.

LÁTI OṢÙ DÉ OṢÙ

Òjò tó ń rọ̀ ní Àkúrẹ́ àti agbègbè rẹ̀ láàárín ọdún kan máa ń jẹ́ nǹkan bíi mílímítà 1,300 sí 1,600, ṣùgbọ́n kì í rọ̀ lọ́gbọọgba. Bí a ṣe lè bá a rìn nìyí:

1. Oṣù kejì àti ìkẹta. Àkókò àkọ́rọ̀ nìyí. Ẹ má jáwọ́. Ẹ gbé agolo síta, kí ẹ máa yọ iye tí òjò bá san kúrò nínú omi tí ẹ̀ ń bù.

2. Oṣù kẹrin àti ìkarùn-ún. Òjò ń fìdí múlẹ̀ bọ̀. Ẹni tó ń bomi rin lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́, kó dín in kù sí ẹ̀ẹ̀kan, lẹ́yìn náà kó di ìgbà tí ìka bá sọ pé ó yẹ. Ẹ máa ṣí ìbòji orí ọmọ kòkó díẹ̀díẹ̀, kí oòrùn mọ̀ wọ́n lára kí wọ́n tó lọ sóko ní ìparí oṣù karùn-ún tàbí inú oṣù kẹfà. Ẹ yẹ ihò ìdí ọ̀rá wò. Bí amọ̀ bá ti dí i, ẹ tún un lu.

3. Oṣù kẹfà àti ìkeje. Nínú oṣù bẹ́ẹ̀, òjò lè tó mílímítà 200, èyí tó jẹ́ bí ìlọ́po méjì ohun tí ẹ̀fọ́ ń fẹ́. Ẹ pa ẹ̀rọ ìfami tì. Iṣẹ́ tó kù ni bí omi ṣe máa jáde: ẹ gbé bẹ́ẹ̀dì ga, ẹ la gọ́tà sáàárín wọn, kí ẹ sì gbin ẹ̀fọ́ jìnnà síra díẹ̀ kí atẹ́gùn lè fẹ́ kọjá.

4. Oṣù kẹjọ. Òjò sábà máa ń dáwọ́ dúró díẹ̀ ní àsìkò yìí. Àwọn kan ń pè é ní Ọ́gọ́ọ̀sì bíréèkì. Lọ́dún mìíràn kì í ju ọjọ́ díẹ̀ lọ, lọ́dún mìíràn ó lè pẹ́ tó ọ̀sẹ̀ méjì tàbí mẹ́ta. Ojú ọ̀run lè ṣú lójoojúmọ́ kí agolo má sì rí nǹkan kan. Agolo ni kí ẹ gbà gbọ́, kì í ṣe kùrukùru. Bí ọ̀sẹ̀ kan bá kọjá láìsí òjò, ẹ padà bomi rin, pàápàá ẹ̀fọ́ tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ́.

5. Oṣù kẹsàn-án àti ìkẹwàá. Òjò padà dé pẹ̀lú agbára. Kì í ṣe lásán ni wọ́n ń pe oṣù kẹwàá ní Ọ̀wàrà. Ẹ tún pa ẹ̀rọ tì.

6. Oṣù kọkànlá lọ. Òjò ń lọ. Ẹ bẹ̀rẹ̀ omi díẹ̀díẹ̀, kí ẹ sì fi koríko gbígbẹ bo ilẹ̀ ìdí ẹ̀fọ́, kí oòrùn má bàa fa omi rẹ̀ lọ.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún kọ̀ọ̀kan, NiMet, iléeṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ tó ń rí sí ojú ọjọ́, tí a dá sílẹ̀ ní ọdún 2003, máa ń kéde ìgbà tí wọ́n retí pé òjò yóò bẹ̀rẹ̀ àti ìgbà tí yóò dá ní ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Ẹ máa gbọ́ ọ lórí rédíò. Àmọ́ ìkéde fún ìpínlẹ̀ kò lè rọ́pò agolo inú ọgbà. Gbogbo wa tí à ń ná ọ̀nà Àkúrẹ́ sí Oǹdó mọ̀ pé òjò lè dá wa dúró ní Ọ̀wẹnà, kí a dé Oǹdó kí eruku máa sọ.

Ẹ má sì rò pé ọgbọ́n àwọn tálákà ni agolo yìí. Ní ìpínlẹ̀ Florida ní Amẹ́ríkà, níbi tí ẹ̀rọ ti ń tu omi sórí koríko iwájú ilé fúnra rẹ̀, òfin ti ń béèrè láti ọdún 1991 pé kí ẹni tó bá ri irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ mọ́lẹ̀ so ohun kan mọ́ ọn tí yóò pa á nígbà tí òjò bá ti rọ̀ tó. Ohun tí wọ́n ń fi owó ńlá rà níbẹ̀, agolo òfìfo àti rúlà lè ṣe é fún wa.

Ọ̀RỌ̀ OWÓ

Láti ìgbà tí ìjọba ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo bẹtiróòlù ní oṣù karùn-ún ọdún 2023, kò sẹ́ni tó ń tan jẹnẹrétọ̀ tí kò mọ iye tó ń ná an láti fa omi. Ẹ̀yin oníṣòwò sì mọ̀ ju àwa lọ pé nígbà ẹ̀ẹ̀rùn ni ẹ̀fọ́ ń wọ́n. Bí òjò bá ti dé, gbogbo ẹ̀yìnkùlé ló ń hu ẹ̀fọ́, owó rẹ̀ á sì wálẹ̀ lọ́jà. Ẹni tó bá ń fa omi nígbà òjò ń ná owó ẹ̀ẹ̀rùn lórí ọjà òjò. Èrè wo ló fẹ́ kù níbẹ̀?

Ẹ tún ronú nípa òrùlé yín. Òrùlé tó bo ilẹ̀ mítà 6 sí mítà 10, bí òjò mílímítà 10 bá rọ̀ sórí rẹ̀, lítà 600 nìyẹn, kẹ́ẹ̀gì 24. Bí a bá tilẹ̀ yọ èyí tó ta dànù, dúrọ́ọ̀mù méjì á kún. Omi tí ẹ máa lò ní ìdáwọ́dúró òjò oṣù kẹjọ nìyẹn. Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀wọ́, ẹ dé dúrọ́ọ̀mù yín pa, kí ẹ̀fọn má bàa yé sínú rẹ̀, kí owó tí a fi pamọ́ lọ́wọ́ omi má bàa di owó oògùn ibà.

Kí ẹ tó gbé ẹ̀rọ ìfami pamọ́ nígbà òjò, ẹ da omi inú rẹ̀ nù, ẹ da epo inú rẹ̀ nù, kí ẹ gbé e síbi gbígbẹ. Rọ́bà omi náà, ẹ ká a kúrò nínú oòrùn. Ẹ̀yáwó ẹ̀rọ náà kò tíì san tán. Kò yẹ kí ìpẹtà jẹ ẹ́ kí a tó san án tán.

Ní ọdún tó tẹ̀ lé èyí tí a pàdánù, a gbé agolo méjì kalẹ̀ lẹ́yìn ilé ìpàdé, a fún ọmọkùnrin náà ní ìwé kékeré kan àti rúlà. Òun kan náà ni a tún gbà. Láràárọ̀ ló ń kọ iye òjò sílẹ̀, ó ń gbé ọ̀rá mẹ́ta wò, kó tó pinnu. Àwọn ọmọ kòkó tó kú lọ́dún náà, a lè fi ìka ọwọ́ kà wọ́n.

Nítorí náà, èsì wa fún ìyá wa nìyí: Mọ́mì, ẹ má jáwọ́, ẹ má sì ṣe bíi ti àná. Ẹ wo agolo, ẹ ki ìka bọlẹ̀, kí ẹ tó gbé kẹ́ẹ̀gì. Ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ rí bí a ṣe ń ka agolo náà, kó tètè dé kí ìpàdé oṣù tó ń bọ̀ tó bẹ̀rẹ̀. A ó jọ lọ sẹ́yìn ilé. Ẹni tó bá sì ti ń kọ òjò tirẹ̀ sílẹ̀, kó mú ìwé rẹ̀ dání, kí ará Àkúrẹ́ àti ará Oǹdó lè fi tiwọn wé ara wọn.

Kí òjò ọdún yìí jẹ́ òjò ìbùkún fún gbogbo wa. Ire o.